Ohun ìṣeré tó bọ́ sójú títì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò kan

Iṣẹ́ náà kò ṣòro ṣàlàyé. Bí mo bá ti rí ohun ìṣeré ọmọdé nílẹ̀ ládùúgbò, ìbáà ṣe ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ, ọmọláńgidi tí kò lórí mọ́, bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀ tàbí apá róbọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, màá ya á ní fọ́tò níbi tó wà gan-an kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn sí i. N kì í kó wọn lọ sílé. Fọ́tò wọn ni mò ń kó jọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó lè rí bí mo ṣe kan ohun tí mò ń gbé fóònù lé, bí mo ṣe ń tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, àti bí mo ṣe ń mọ èyí tó sọnù yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jù nù. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló gba ọpọlọ jù.

Ohun tó mú mi dúró ti iṣẹ́ yìí ni pé ibi tí nǹkan wà máa ń sọ̀rọ̀ ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ. Gbé ọmọláńgidi kan sórí tábìlì, ọmọláńgidi lásán ni. Bá òun kan náà lẹ́bàá ibùdókọ̀, kó dojú bolẹ̀, kí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan wà ní ìgbésẹ̀ méjì sí i, o ti mọ̀ pé ẹnì kan sáré wọkọ̀. Àwọn kan máa ń ṣa irú nǹkan báyìí, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á gbé e sórí páálí funfun kí wọ́n tó yà á. Fọ́tò wọn máa ń dára, mi ò purọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ti bá omi ìfọṣọ lọ.

Mo ní láti pààlà sí ohun tí mò ń yà. Ohun tí wọ́n bá ṣe kí ọmọdé fi ṣeré ló wọlé. Bàtà ọmọ, fìlà ọmọ àti rọ́bà tí ọmọ ọwọ́ ń fà mu kò wọlé, torí bí mo bá gbà wọ́n láyè, iṣẹ́ á di nǹkan míì. Bálúùn tó ti bẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n n kì í pẹ́ nídìí rẹ̀. Èyí tí ọmọdé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọlé pátápátá: ọkọ̀ tí wọ́n fi páálí gé, ọkọ̀ ojú omi oníwèé, igi tí wọ́n gbẹ́ bí idà. Àwọn wọ̀nyí ló ṣòro rí jù, torí pàǹtírí ni wọ́n jọ lójú ẹni tí kò bá wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn náà ni mo sì fẹ́ràn jù.

Pèpéle fóònù

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Ẹni tó bá ya ohun ìṣeré láti òkè, níbi tí ojú àgbàlagbà wà, ìdọ̀tí ló yà. Bí lẹ́ńsì bá sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ojú ohun ìṣeré náà wà, ọ̀rọ̀ á yí padà: ọkọ̀ kékeré á di ọkọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á di àpáta, omi tó dúró sínú kòtò títì á di ọ̀sà. Ní nǹkan bí ọdún 1969, William Eggleston, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà sún mọ́lẹ̀ gan-an ní Memphis láti ya kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọdé ń gùn. Nínú fọ́tò náà, kẹ̀kẹ́ yẹn ga ju àwọn ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìṣòro fóònù ni pé òkè ni lẹ́ńsì rẹ̀ wà. Bí o bá gbé e dúró sílẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń gbé e, lẹ́ńsì á ṣì ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ irin kékeré tí ọmọdé ń fọwọ́ tì lè má ga tó sẹ̀ǹtímítà 3. Òrùlé ọkọ̀ náà ni wàá máa yà. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé kí o dorí fóònù kodò, kí lẹ́ńsì wà nísàlẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù á dá fọ́tò náà yí padà fúnra wọn. Èyí tí kò bá yí, a ó yí i bí a bá délé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń gbọ̀n, orúnkún sì máa ń dun ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kan pèpéle. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni mo lò, èyí tó nípọn tó mìlímítà 9. Ọ̀kan dùbúlẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 10. Èkejì dúró ṣánṣán létí iwájú rẹ̀, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 12. Gọ́ọ̀mù pákó àti ìṣó mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀. Ẹ̀mú tó di fóònù mú, ara ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya ara ẹni ni mo ti tú u, irú èyí tí ihò síkírù rẹ̀ wà lẹ́yìn. Síkírù kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ jù káàkiri ayé fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 6.35, nítorí náà ihò mìlímítà 7 ni mo lu sára pákó tó dúró, ní gíga sẹ̀ǹtímítà 8 sílẹ̀. Bí ẹ̀mú bá di fóònù mú láàárín, orí fóònù á wá síwájú pákó, á sì ku díẹ̀ kó kanlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ máa ṣubú síwájú, torí iwájú ni ẹrù wà. Mo rán àpò kékeré kan, mo rọ iyanrìn kún un, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn pákó ìsàlẹ̀. Ó dúró gírígírí. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pákó kó má baà máa yọ̀ lórí kọnkéré tó tutù. Ọ̀pá agboòrùn tí aṣọ rẹ̀ ti ya ni mo dè mọ́ ẹ̀yìn pákó tó dúró, òun ni mo fi ń sọ pèpéle kalẹ̀ láìkúnlẹ̀. Fún títẹ kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn etí olókùn (earphone) ni mo ń lò: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnnì tí a fi ń mú ohùn ròkè lára okùn náà máa ń ya fọ́tò bí kámẹ́rà bá wà ní ṣíṣí. Ẹni tí kò bá ní in lè lo aago kámẹ́rà tó máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ kó tó yà.

Àléébù rẹ̀ ni pé o kò ní rí ojú fóònù dáadáa. Mo máa ń yà á léraléra bí mo ṣe ń sún pèpéle díẹ̀díẹ̀, màá wá ṣa èyí tó dáa jù. Ohun kan tún wà tí fóònù tuntun máa ń ṣe. Lẹ́ńsì ńlá wọn kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn jù, nítorí náà bí o bá ti sún mọ́ tán, fóònù á yọ́ bọ́ sórí lẹ́ńsì kejì, èyí tó ń rí ibi tó fẹ̀ jù, láìsọ fún ọ. Wàá rí i tí àwòrán ta kúrò lójú kan. Fọ́tò tó bá jáde níbẹ̀ kì í mọ́ kedere tó ti lẹ́ńsì ńlá. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá fà sẹ́yìn díẹ̀, màá wá sún àwòrán mọ́ra ní ìlọ́po méjì.

Ìmọ́lẹ̀

Oòrùn ọ̀sán gangan kò dáa fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń ju òjìji dúdú sábẹ́ ohun ìṣeré, ike á sì máa kọ mànà. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ ló dára jù fún fọ́tò àkọsílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí ibi tó ha, ibi tó bó àti ibi tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ hàn, kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ, nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé bèárì dúdú dúdú. Ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, yóò wá sọ dúdú di eérú, yóò sì sọ funfun di eérú pẹ̀lú. Tẹ ojú fóònù níbi tí ohun ìṣeré wà, kí o fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ fún dúdú, kí o fà á sókè fún funfun. Fún ike tó ń dán tàbí tí òjò ti rin, mo máa ń fi awò oòrùn tó jẹ́ irú polarized síwájú lẹ́ńsì, màá máa yí i títí dídán náà á fi lọ. Kì í ṣiṣẹ́ lára irin tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Iná kámẹ́rà wà ní pípa nígbà gbogbo.

Bí mo ṣe ń tò ó ní yíyà

Fọ́tò àkọ́kọ́, ní ìdúró, láti ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà, ògiri, gọ́tà, ohunkóhun tó yí i ká. Lẹ́yìn náà ni pèpéle á sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa sún mọ́ ojú, ẹsẹ̀, ibi tó ti fọ́. Màá wá gbé páálí tí mo fàlà sẹ̀ǹtímítà sí lára sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ iwájú lè mọ bó ṣe tóbi tó, nítorí fọ́tò tí a yà láti ìsàlẹ̀ máa ń parọ́ ìwọ̀n.

Títí dé ibí, ọwọ́ mi kò tíì kàn án. Ìgbà tí mo bá parí gbogbo èyí ni mo tó fi igi yí i padà, torí abẹ́ ohun ìṣeré lẹ̀rí wà. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ nígbà tí gbogbo àyíká tutù, ó ti wà níbẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Bí koríko abẹ́ rẹ̀ bá ti pọ́n tó sì sùn mọ́lẹ̀, ti ọjọ́ pípẹ́ ni. Bí kòkòrò bá sá jáde, wọ́n ti fi ṣe ilé. Eruku tó bá yí i ká bí òrùka fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì kúrò lójú kan. Ẹni tó bá tètè gbé e ti nu gbogbo èyí nù.

Sọnù, àbí wọ́n jù ú nù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn àmì kan wà tí mò ń wò. Èyí tó sọnù sábà máa ń dá wà. Ó máa ń wà létí ibi tí àwọn èèyàn ń gbà fẹsẹ̀ rìn, níbi tí wọ́n ti ń sọdá títì, níwájú ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ sínú ọkọ̀. Èyí tí wọ́n jù nù máa ń ní ẹgbẹ́: ìbejì rẹ̀ wà nítòsí, tàbí bàtà, tàbí ìwé tó ti ya, tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn wá. Bí ohun ìṣeré bá pé pérépéré, tó mọ́, tí wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ ti ara ohun ìdalẹ̀nù dáadáa, kò sọnù, wọn ò sì jù ú nù ní tòótọ́. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mú un.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èyí tó gbó ni wọ́n jù nù, èyí tó tuntun ló sọnù. Òdìkejì ni mo sábà máa ń bá. Donald Winnicott, dókítà ọmọdé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé ní 1953 nípa ohun kan ṣoṣo tí ọmọ máa ń yàn tí kì í fẹ́ fi sílẹ̀, bí ègé aṣọ tàbí ẹranko onírun. Ó ní àwọn òbí máa ń mọ iyì rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dọ̀tí, kódà kó máa rùn, torí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, nǹkan kan á já nínú ohun tí ọmọ náà mọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn sì lè ba iyì rẹ̀ jẹ́ lójú ọmọ. Nítorí náà bí mo bá rí ehoro tí imú rẹ̀ ti fá, tí etí kan ti fẹ́lẹ́ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, tí wọ́n ti fi òwú aláwọ̀ míì rán ọrùn rẹ̀, n kì í jiyàn pẹ̀lú ara mi mọ́. Ilé kan wà tí wọ́n ti ń wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òwú tí wọ́n fi rán an gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù, torí kò sí ẹni tó ń rán ohun tó fẹ́ jù nù.

Irú kẹta wà, èyí tí ìyá kan fi hàn mí. Mo ti ya ọ̀bọ onírun kan tán létí kọnkéré, mo ń palẹ̀ mọ́, ló bá dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé nǹkan yín ló sọnù?"

"Rárá mà. Nǹkan ọmọ ẹlòmíì ni."

"Ọmọ tó ni ín á ti sunkún títí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀bọ náà, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó wá gbé e jókòó sórí ògiri kékeré kan, ó sì fi apá rẹ̀ méjèèjì kọ́ irin tó wà níbẹ̀ kó má baà já bọ́. "Tí wọ́n bá padà wá, wọ́n á rí i." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí wọn káàkiri: ẹṣin tó wà lórí òpó, ọmọláńgidi tí wọ́n fi okùn so mọ́ fẹ́ǹsì, ọkọ̀ tí wọ́n gbé sójú fèrèsé ẹni ẹlẹ́ni. Wọn kò sọnù mọ́ tán, wọn kò sì tíì délé. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí nǹkan wà ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni méjì ló wà níbí, ti ọmọ tó jẹ́ kó bọ́ àti ti ẹni tó gbé e sókè. Mo ya fódà wọn sọ́tọ̀, mo sì pè é ní "Aláàánú". Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ní ìdúró, ni mo ti ń ya àwọn wọ̀nyí, n kì í sì lo pèpéle, torí wọ́n gbé wọn sókè fún ojú àgbà.

Fódà kẹrin ni ti "Kò dájú". Ẹ̀yà ara ló kún ibẹ̀. Bí apá ọmọláńgidi kan bá wà nílẹ̀, ṣé apá ló sọnù, àbí ìyókù rẹ̀ ni wọ́n ti jù nù síbòmíì? N kì í fipá mú un.

Ọkọ̀ kan, ní òkèèrè àti ní ìtòsí

Nínú gbogbo ohun tí mò ń rí, ọkọ̀ irin kéékèèké ló rọrùn jù láti kà. Matchbox bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní 1953, Hot Wheels ní 1968. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn ń tọ̀ ni 1:64, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi tó gùn ní mítà 4.5 á di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7. Ọgbọ́n ìyàwòrán wà nínú ìṣirò yẹn. Omi tó fẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ á dà bí odò ńlá níwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí lẹ́ńsì bá ti lè wálẹ̀ tó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, búlúù ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó ní gbogbo igun, níbi tí ara rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, àwọ̀ eérú ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìpẹtà. Àdàlù irin tí zinc pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ irú ọkọ̀ yìí, kì í pọ́n bí irin lásán ṣe ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, irin lásán ni, òun sì ti dípẹtà débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò yí mọ́. Dígí iwájú rẹ̀ ti ha títí ó fi funfun. Nínú àga awakọ̀, èso koríko kan ti wọlé, ó ti hù, ewé rẹ̀ méjì sì ti gba ojú fèrèsé yọ síta. Fọ́tò tí mo yà ní ìtòsí jù yẹn kò nílò àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ọdún kan sábà máa ń wà lábẹ́ irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹ má fi mọ ọjọ́ orí wọn. Ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ sí àwòṣe náà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè máa rọ ọkọ̀ láti inú àwòṣe kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé "kò lè ju ọdún báyìí lọ ní gbígbó", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Nígbà tí fọ́tò pọ̀ díẹ̀ ni mo rí ohun kan tó mú mi tún ìlànà mi ṣe. Ọkọ̀ àti bọ́ọ̀lù kì í sábà wà níbi tí wọ́n ti bọ́. Ọkọ̀ máa ń yí lọ bá etí gọ́tà, bọ́ọ̀lù á sì lọ dúró níbi tó rẹlẹ̀ jù ní gbogbo òpópónà, níbi tí ewé gbígbẹ àti ọ̀rá náà kó jọ sí. Ibi tí wọ́n wà ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títì ló ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹranko onírun yàtọ̀. Bí òjò bá ti rin ín, á wúwo, á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi tó bọ́ sí náà ni wàá bá a. Nítorí náà mo pín gbogbo rẹ̀ sí méjì nínú àkọsílẹ̀: èyí tó lè rìn àti èyí tí kò lè rìn. Àwọn tí kò lè rìn nìkan ni mo ń fi ibi tí wọ́n wà dá ẹjọ́ wọn.

Ohun tó léfòó ló ń rìn jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1992, àwọn àpótí ẹrù já bọ́ sínú òkun Pàsífíìkì láti inú ọkọ̀ Ever Laurel, tó ń ti Hong Kong lọ sí Tacoma ní Amẹ́ríkà. Ohun ìṣeré ìwẹ̀ 28,800 ló wà nínú ọ̀kan: pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ìyeyè, beaver (ẹranko inú omi kan tó jọ òkété) pupa, ìjàpá búlúù àti àkèré aláwọ̀ ewé. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí etíkun Alaska, Curtis Ebbesmeyer, onímọ̀ nípa òkun, sì fi ibi tí wọ́n ti ń rí wọn tọpasẹ̀ bí omi òkun ṣe ń ṣàn. Ohun tó kan iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni àwọ̀ wọn. Pẹ́pẹ́yẹ àti beaver ṣá títí wọ́n fi funfun, ìjàpá àti àkèré di àwọ̀ tiwọn mú. Bákan náà ni mò ń rí i ládùúgbò: ohun pupa tó ti pẹ́ nínú oòrùn máa ń di àwọ̀ ẹran ara, èyí tó jẹ́ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì máa tàn. Ẹ má tìtorí pé àwọ̀ méjì kò ṣá dọ́gba kí ẹ rò pé ọjọ́ méjì ni wọ́n bọ́ síbẹ̀.

Ọmọláńgidi onírọ́bà ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bó bá ti gbó. Òróró tí wọ́n pò mọ́ PVC, irú ike tí wọ́n fi ṣe é, kó lè rọ̀ ló ń jáde sí ara rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń gbé irú wọn.

Ewu àti ìwà ọmọlúàbí

Ohun ìṣeré tó ń dún tàbí tó ń tanná lè ní bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnnì nínú. Bí ilé bátìrì náà bá ti fọ́, n kì í fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá yà á, ì báà sọnù, ì báà jẹ́ jíjù nù. Bí ọmọ bá gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Mo máa ń fi téèpù wé e, màá sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù. Gbogbo ohun yòókù, mo ń fi wọ́n sílẹ̀, àyàfi èyí tó wà láàárín títì, tí mo máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́.

N kì í ya ọmọ kankan mọ́ ohun ìṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni ín, tó sì ń bẹ̀ mí. N kì í ya nọ́ńbà ilé tàbí ti ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé bí fóònù bá ń lo ibi tí a wà, ó máa ń fi ibẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì fọ́tò. Mo pa á nínú ètò kámẹ́rà. Dípò rẹ̀, irú ibi tó jẹ́ ni mo ń kọ: ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ibùdókọ̀, etí gọ́tà, abẹ́ igi. Ìyẹn tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tí bèárì ti bọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Títò sínú kọ̀ǹpútà

Orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù, ọjọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà, irú ibi, àti irú ohun ìṣeré: 2025-06-03_02_gota_oko. Mo yọ àmì ohùn kúrò nínú orúkọ fáìlì nìkan, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń gbé e dáadáa. Tábìlì kan wà tí mo ń kọ ìyókù sí: ohun tí wọ́n fi ṣe é, bóyá ó lè rìn, abẹ́ rẹ̀, fódà tó wà, àti ìdí tí mo fi gbé e síbẹ̀. Ìdí yẹn ṣe pàtàkì ju fódà lọ, torí mo máa ń yí èrò mi padà. Ẹ̀dà méjì ni mo ní, ọ̀kan kò sí nílé.

Fún ìfihàn, mo gbà nínú ọgbọ́n Bernd àti Hilla Becher, tọkọtaya ará Jámánì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé iṣẹ́ àti ilé gogoro omi ní 1959. Ìdojúkọ kan náà, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó ṣú kan náà, wọ́n á wá tò wọ́n sí ìlà àti ìlà. Bí ẹ bá to ọkọ̀ mẹ́sàn-án báyìí, ojú á kúrò lára "ọkọ̀", á lọ sára ohun tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo dán an wò pẹ̀lú fódà "Aláàánú", kò ṣiṣẹ́. Nǹkan tí wọ́n gbé wọn lé yàtọ̀ síra jù, àwọn gan-an sì ni ẹni tó ń wò máa fẹ́ rí. Àwọn yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń tẹ̀ wọ́n, ní ńlá.

Ohun tó kù

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ bá èyí tó bá ṣì wà níbi tó wà, kí n lè ya bó ṣe ń gbó. Ẹfun tí mo fi ń sàmì sí ibi tí pèpéle dúró kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, òjò ń fọ̀ ọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí n so nǹkan méjì tí kì í kúrò lójú kan pọ̀ nínú fọ́tò, bí ìlà tó sán lára kọnkéré àti ìdí òpó iná, kí n rí i pé wọ́n bára mu pẹ̀lú ti fọ́tò àtijọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kejì ni mo fi ń ṣí fọ́tò àtijọ́ náà wò níbẹ̀.

Rọ́bà abẹ́ pèpéle ti ń ṣí ní igun kan. Ìṣó kéékèèké ni màá fi kàn án báyìí, màá fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀.